Ọta tó tóbi jù kọ́ ló ń mówó wọlé fún ọdẹ

Ẹ̀yin ọdẹ Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà Àkókó, ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ta ẹran ìgbẹ́ àti ẹ̀yin olóúnjẹ, ẹ ka èyí kí ẹ tó náwó lórí kátíríìjì

Àwọn àgbà máa ń sọ pé bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́, tó ro ìyà tó jẹ nínú igbó, bó bá pa ẹran, kò ní í fún ẹnikẹ́ni jẹ. Òwe yìí kò parọ́ rárá. Ẹni tó bá mọ bí òru ṣe máa ń rí lórí àwọn òkè olókùúta tó yí Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà Àkókó ká, tí òjò ń pa èèyàn, tí ẹ̀gún ń gún un, tí ejò ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀, yóò mọ̀ pé ẹran ìgbẹ́ tí wọ́n ń gbé kọ́ sẹ́bàá títì kì í ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni ṣà nílẹ̀. Àmọ́ ohun kan wà tí òwe náà kò mẹ́nu bà: ọ̀pọ̀ ọdẹ ló ń ro ìṣẹ́, tó ń ro ìyà, ṣùgbọ́n tí kì í ro iye tí ọta tó yìn jẹ.

Iṣẹ́ ọdẹ lónìí ti kúrò ní ká kàn pa ẹran wálé kí ìyàwó fi sebẹ̀. Okòwò ni. Ọdẹ ń pa á, alájàpá ń rà á, oníbúkà ń sè é, awakọ̀ àti arìnrìn-àjò sì ń dúró jẹ ẹ́. Olóko náà kò gbẹ́yìn, nítorí pé ọ̀yà tó wọ oko àgbàdo tàbí oko ẹ̀gẹ́ lóru kan lè ba iṣẹ́ oṣù mẹ́ta jẹ́, ọdẹ ni olóko sì máa sá lọ bá. Nínú gbogbo okòwò yìí, ọta ìbọn wà lára ohun tí owó ọdẹ kọ́kọ́ ń bá lọ. Bí alágbẹ̀dẹ ṣe gbọ́dọ̀ mọ iye èédú tó ń jó, bí oníbúrẹ́dì ṣe gbọ́dọ̀ mọ iye ìyẹ̀fun tó wọ búrẹ́dì kan, bẹ́ẹ̀ náà ló yẹ kí ọdẹ mọ ọta tó yẹ ẹran tó ń wá, kó sì mọ iye tí ẹran kọ̀ọ̀kan ná an kó tó délé.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé ọta tí hóró rẹ̀ bá tóbi jù ló dára jù. Kò rí bẹ́ẹ̀. Kò sí ọta kan tó dára fún gbogbo ẹran. Ìbọn tó wà lọ́wọ́ yín, ẹran tí ẹ ń wá àti ẹni tó máa ra ẹran náà, àwọn mẹ́ta yìí ló máa sọ ọta tó yẹ kí ẹ rà. Ẹ jẹ́ ká mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ẹ kọ́kọ́ wo ìbọn àti ìwé rẹ̀

Òfin ìbọn orílẹ̀-èdè wa, èyí tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 1959, pín ìbọn sí ọ̀nà mẹ́ta. Ọ̀nà kìíní ni àwọn ìbọn tí òfin kà léèwọ̀ fún ará ìlú: ìbọn arọ̀jò-ọta, ìbọn ìléwọ́, ìbọn pọ́ǹpù-áṣọ̀n, àti ìbọn ológun tí ẹnu rẹ̀ jẹ́ 7.62 mm, 9 mm tàbí .300 íǹṣì. Ọ̀nà kejì ni àwọn ìbọn tí aráàlú lè gba ìwé àṣẹ fún lọ́dọ̀ iléeṣẹ́ ọlọ́pàá. Lára wọn ni ìbọn ọdẹ ẹlẹ́nu kan tàbí ẹlẹ́nu méjì tí èèyàn ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ki kátíríìjì sí, ìbọn ráífù ọdẹ tí ẹnu rẹ̀ kì í ṣe ti ológun, àti ìbọn ẹlẹ́fúùfù. Ọ̀nà kẹta ni ìbọn tí wọ́n ń ti ẹnu rẹ̀ rọ ẹ̀tù sí, ìyẹn ṣakabùlà. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ṣakabùlà kò nílò ìwé nítorí pé alágbẹ̀dẹ ilé ló rọ ọ́. Irọ́ ni. Òun náà gbọ́dọ̀ ní àṣẹ.

Òfin yìí kan náà sọ pé ọmọ tí kò tíì pé ọdún 17 kò lè gba ìwé àṣẹ ìbọn. Ẹni tí orí rẹ̀ kò pé, ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa, ọ̀mùtí àti ẹni tí ilé ẹjọ́ ti dá lẹ́bi ìwà ipá láàárín ọdún márùn-ún sẹ́yìn kò lè gbà á. Ẹ má fi ojú kékeré wo ọ̀rọ̀ yìí. Òfin tí wọ́n ṣe lọ́dún 1984 lórí ìdigunjalè àti ìbọn sọ pé ẹni tí wọ́n bá gbá mú pẹ̀lú ìbọn tí kò bófin mu lè san ₦20,000, tàbí kó ṣẹ̀wọ̀n tí kò ní í dín ní ọdún 10, tàbí kó jẹ méjèèjì pọ̀. Owó ìtanràn yẹn lè dà bí nǹkan kékeré lóde òní, àmọ́ ta ló máa bójú tó ṣọ́ọ̀bù ẹni tó lọ ṣẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́wàá?

Láti ọdún 2020 tí ìpínlẹ̀ Oǹdó ti dá Àmọ̀tẹ́kùn sílẹ̀, àti pàápàá lẹ́yìn ìkọlù tí àwọn agbébọn ṣe sí ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì St. Francis ní Ọ̀wọ̀ ní ọjọ́ 5, oṣù kẹfà, ọdún 2022, ojú tí àwọn agbófinró fi ń wo ẹni tó gbé ìbọn kọ́ èjìká ti yàtọ̀. Ọdẹ tó bá ní ìwé rẹ̀ lọ́wọ́, tó sì jẹ́ ẹni tí Olúọ́dẹ àti àwọn ẹgbẹ́ ọdẹ ìlú mọ̀ dáadáa, ní ọ̀rọ̀ láti sọ bí wọ́n bá dá a dúró lójú ọ̀nà Ìkàrẹ́ sí Ọ̀kà. Ẹni tí kò ní ìwé lè pàdánù ìbọn, ẹran àti òmìnira rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Torí náà, ìwé àṣẹ wà lára owó okòwò. Ẹ kà á mọ́ ọn.

Kí ni nọ́ńbà ara kátíríìjì ń sọ?

Bí ẹ bá mú kátíríìjì dání, nọ́ńbà méjì tàbí mẹ́ta ló máa ń wà lára rẹ̀ tàbí lára páálí rẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ní ohun tó ń sọ.

Èkíní ni ìwọ̀n ẹnu ìbọn. Nọ́ńbà 12 ló wọ́pọ̀ jù. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé bí wọ́n bá fi òjé pọ́ùn kan ṣe bọ́ọ̀lù 12 tó dọ́gba, ọ̀kan nínú wọn ló máa bá ẹnu ìbọn náà mu. Ìdí nìyẹn tí nọ́ńbà 20 fi kéré ju nọ́ńbà 12 lọ, nítorí pé bọ́ọ̀lù 20 ni wọ́n pín pọ́ùn kan yẹn sí.

Èkejì ni gígùn kátíríìjì. 65 mm wà, 70 mm wà, 76 mm náà wà. Gígùn tí ìbọn yín lè gbà máa ń wà lára ọ̀pá ìbọn, ní abẹ́ ibi tí ó ti ń ṣí. Bí wọ́n bá kọ 70 síbẹ̀, ẹ kò gbọdọ̀ ki 76 sínú rẹ̀, kódà bó bá wọlé. Ohun tó ń tan èèyàn jẹ ni pé kátíríìjì tí wọn kò tíì yìn kúrú ju gígùn tí wọ́n kọ sí i lára lọ, nítorí wọ́n ká ẹnu rẹ̀ pọ̀. Bí ìbọn bá dún ni ẹnu náà máa ṣí, tí kò bá sì sí àyè fún un, agbára ẹ̀tù náà máa padà sẹ́yìn. Ẹni tó jogún ìbọn bàbá rẹ̀, tí nọ́ńbà ara rẹ̀ sì ti parẹ́, gbọ́dọ̀ gbé e lọ fún ẹni tó mọ̀ nípa rẹ̀, tó sì láṣẹ, kó tó ra ohunkóhun.

Ẹ̀kẹta ni ìwọ̀n hóró òjé inú rẹ̀, ibí sì ni owó wà. Gẹ́gẹ́ bí ìṣirò àwọn ará Ìlú Ọba, bí nọ́ńbà bá ṣe ń pọ̀ sí i ni hóró ń kéré sí i. Bí a bá wọn òjé gíráàmù 28 síta, ohun tí a máa rí nìyí:

Nọ́ńbà 6: hóró kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó 2.6 mm, bíi 270 ni wọ́n.
Nọ́ńbà 4: 3.1 mm, bíi 170.
BB: 4.1 mm, bíi 70.
AAA: 5.2 mm, bíi 35.
SSG: 6.8 mm, bíi 15.
SG: 8.4 mm, 8 péré.

Ẹ wò ó dáadáa. Òjé kan náà ni, ìwọ̀n rẹ̀ kò yí padà. Ẹni tó ra SG ra hóró 8. Ẹni tó ra nọ́ńbà 4 ra 170. Ẹ sì ṣọ́ra o, ìṣirò Amẹ́ríkà yàtọ̀ sí ti Ìlú Ọba. BB ti Amẹ́ríkà fẹ̀ tó 4.57 mm, nọ́ńbà 6 tiwọn sì súnmọ́ 2.8 mm. Nítorí náà, mm tí wọ́n kọ sára páálí ni kí ẹ gbà gbọ́, ẹ má fi nọ́ńbà nìkan ṣe é.

Ẹran wo ni ẹ ń wá?

Àparò àti awó kò nílò ju nọ́ńbà 6 tàbí 5 lọ. Ehoro náà wà níbẹ̀. Ara wọn kò le, ohun tí wọ́n nílò ni hóró púpọ̀ tó máa bo ibi tí wọ́n wà, kí méjì tàbí mẹ́ta má baà kan ìyẹ́ lásán kí ẹyẹ náà sì fò lọ kú síbi tí ẹnikẹ́ni kò ti ní í rí i.

Ọ̀yà le jù wọ́n lọ. Irun rẹ̀ nípọn, ó sì lè wọn kílò mẹ́ta sí mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nọ́ńbà 4 sí BB ló bá a mu. Ẹni tó bá yin SG sí ọ̀yà ń fi hóró mẹ́jọ wá ẹran kékeré nínú koríko. Ó lè jẹ́ pé gbogbo rẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ ẹran náà kọjá, ó sì lè jẹ́ pé méjì bà á nínú ikùn, kí ìfun tú, kí ẹran náà sì bàjẹ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ alájàpá.

Fún ẹtu, BB tàbí AAA ló yẹ. Àgbọ̀nrín tó ti dàgbà lè tó kílò 30 sí 60. Hóró kéékèèké kò ní í wọlé dé ibi ọkàn rẹ̀, ẹran náà á kàn sá lọ pẹ̀lú ọgbẹ́ ni, ọdẹ á sì pàdánù ọta àti ẹran. SSG tàbí SG ni ti àgbọ̀nrín, bẹ́ẹ̀ náà ni ti túùkù, ṣùgbọ́n ọdẹ gbọ́dọ̀ súnmọ́ ọn dáadáa.

Ọ̀rọ̀ súnmọ́ yìí ṣe pàtàkì. Bí hóró bá ti jáde lẹ́nu ìbọn, ńṣe ló ń fọ́n ká bó ṣe ń lọ. Ìbọn tí wọ́n ṣe ẹnu rẹ̀ kó fún dáadáa máa ń kó bíi hóró 70 nínú 100 sínú òbìrí kan tó fẹ̀ tó 76 sẹ̀ǹtímítà, bí ọ̀nà bá jìn tó mítà 36. Tí hóró bá jẹ́ 8, ẹ ṣírò rẹ̀ fúnra yín: márùn-ún tàbí mẹ́fà ló kù nínú òbìrí tó fẹ̀ ju ara ẹran lọ. Mélòó ló máa ba ẹran náà? Ẹni tó bá gbọ́n, kó mú páálí ńlá kan, kó gbé e síbi tí kò léwu, tí òkè wà lẹ́yìn rẹ̀, kó dúró ní ìgbésẹ̀ 30, kó yìn ín lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú irú ọta tó fẹ́ máa lò, kó sì ka ihò. Kátíríìjì kan tí ó fi dán an wò yẹn lè gba mẹ́wàá là.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò owó

Iye tí a fẹ́ lò yìí jẹ́ àpẹẹrẹ lásán, ẹ fi iye tí ọjà jẹ́ lọ́dọ̀ yín rọ́pò rẹ̀. Ká ní ọdẹ kan ra kátíríìjì 10 tó rọrùn lówó, ₦1,500 ẹyọ kan. Owó rẹ̀ jẹ́ ₦15,000. Hóró inú rẹ̀ kò bá ẹran tó ń wá mu, torí náà ẹran mẹ́rin ló rí pa. Ẹran kọ̀ọ̀kan ná an ní ₦3,750 lórí ọta nìkan. Ọdẹ kejì ra 10 tiẹ̀ ní ₦2,000 ẹyọ kan, ₦20,000 lápapọ̀. Ó bá ẹran tó ń wá mu, ó sì pa mẹ́jọ. Ẹran kọ̀ọ̀kan ná an ní ₦2,500.

Ta ló ra ọ̀wọ́n nínú àwọn méjèèjì? Ẹni tó ra olówó pọ́ọ́kú ni. A ò tíì ka epo ọ̀kadà, bátìrì iná orí àti oorun tí kò sùn. Nítorí náà, ẹ má béèrè pé, "Èló ni kátíríìjì kan?" Ẹ béèrè pé, "Èló ni ẹran kan ná mi?" Ẹ ní ìwé kékeré kan. Ẹ máa kọ ọjọ́, irú ọta tí ẹ yìn, iye tí ẹ yìn àti ẹran tí ẹ rí. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ìwé náà á sọ èyí tó ń jẹ owó yín àti èyí tó ń mówó wọlé.

Ohun tí àwọn ọdẹ Amẹ́ríkà fi kọ́ wa

Ní Amẹ́ríkà, ẹranko kan wà tó jọ ajá, coyote ni wọ́n ń pè é. Ó máa ń pa ọmọ àgùntàn, àwọn olóko sì máa ń lé e kiri. Ṣùgbọ́n awọ onírun rẹ̀ náà ní ọjà. Ibẹ̀ ni àwọn ọdẹ wọn ti ń ro ọ̀rọ̀ ọta bí oníṣòwò. Ọdẹ tó fẹ́ ta awọ kì í lo ọta ráífù ńlá tí wọ́n fi ń pa àgbọ̀nrín wọn, nítorí pé ihò ńlá lára awọ ń já owó rẹ̀ wálẹ̀. Ọta kéékèèké tó ń sáré gan-an ni wọ́n ń wá, bíi .223 àti .22-250 tí iléeṣẹ́ Remington bẹ̀rẹ̀ sí tà lọ́dún 1965, àti .204 Ruger tó jáde lọ́dún 2004. Ọta bẹ́ẹ̀ lè máà wọn ju gíráàmù mẹ́ta àti díẹ̀ lọ. Bó bá wọlé, inú lọ́hùn-ún ló ti ń fọ́ túútúú, kì í sábà jáde sí ẹ̀gbẹ́ kejì, awọ kò sì ní í bàjẹ́ púpọ̀. Àmọ́ olóko tí kò ta awọ, tó jẹ́ pé kí ẹranko má jẹ àgùntàn òun mọ́ ló ń fẹ́, kò ní ìdí láti dààmú nípa ihò ara awọ.

Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ fún wa ni pé ohun tí ẹ fẹ́ tà ló máa yan ọta fún yín. Awọ ni tiwọn, ẹran ni tiwa. Ohun tó dára fún wọn lè ba tiwa jẹ́, nítorí pé ọta tó fọ́ túútúú nínú ọ̀yà máa sọ ẹran di wúruwùru. Kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni torí pé ó gbọ́ nípa ráífù Amẹ́ríkà kó ní kí ẹ̀gbọ́n òun bá òun fi ọ̀kan ránṣẹ́ nínú àpótí ẹrù. Gbígbé ìbọn tàbí ọta wọ orílẹ̀-èdè yìí láìgba àṣẹ jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ ńlá lábẹ́ òfin.

Ìdí mìíràn tún wà tí ráífù kò fi rọrùn ní agbègbè wa. Ọta ráífù kékeré .22 pàápàá lè rìn tó kìlómítà kan àbọ̀. Hóró nọ́ńbà 6 kì í sábà kọjá nǹkan bíi 200 mítà, ṣùgbọ́n hóró SG lè kọjá 500. Ní Àkókó tí oko wà lẹ́bàá oko, tí abúlé wà lẹ́yìn òkè, tí àpáta sì pọ̀ tí ọta lè gbà, kó ta padà sí ibi tí ẹnikẹ́ni kò rò, ọta tó ń rìn jìnnà lè di ẹjọ́ ìpànìyàn. Ẹ má yin ohun tí ẹ kò rí ojú rẹ̀ kedere, ẹ sì má yìn ín bí ẹ kò bá mọ ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Iná ojú ẹran nìkan kò tó. Ewúrẹ́ ní ojú tó ń tan iná, ajá ọdẹ náà ní in.

Ṣakabùlà àti àfọ́kù irin

Ọ̀pọ̀ ọdẹ wa ló ṣì ń lo ṣakabùlà, nítorí owó rẹ̀ kò tó ti ìbọn òyìnbó. Ìṣòro rẹ̀ ni pé ẹnikẹ́ni lè rọ ohunkóhun sínú rẹ̀: ìṣó tí wọ́n gé, ọ̀pá irin tí wọ́n gé wẹ́wẹ́, bọ́ọ̀lù inú ọ̀pá kẹ̀kẹ́. Ọ̀fẹ́ ló dà bíi pé àwọn nǹkan wọ̀nyí jẹ́, ṣùgbọ́n owó wà lórí wọn. Irin le ju òjé lọ, ó ń ha inú ọ̀pá ìbọn, ọjọ́ kan sì máa pé tí ọ̀pá náà kò ní í gbà á mọ́. Irin tí wọ́n gé kò dọ́gba, torí náà kò sí bí ọdẹ ṣe máa mọ ibi tó ń lọ. Ẹ̀tù tí wọ́n fi ojú wọ̀n, tí kì í ṣe òṣùwọ̀n, lè pọ̀ lónìí kó kéré lọ́la. Ìbọn tó bá bẹ́ mọ́ ọdẹ lọ́wọ́ lè gba ìka, ó lè gba ojú. Ẹni tó ń fi ọwọ́ ṣiṣẹ́ jẹun kò lè ra ìka mìíràn lọ́jà.

Ẹ má gbàgbé pẹ̀lú pé òfin 1959 kò gbà kí ẹnikẹ́ni kàn máa rọ ìbọn tàbí ọta láìgba àṣẹ. Alágbẹ̀dẹ tó ń ṣe é níkọ̀kọ̀ àti ẹni tó ń rà á lọ́wọ́ rẹ̀ jọ wà nínú ewu ni.

Ẹran tó ń ká oníbàárà léyín

Ẹ̀yin olóúnjẹ àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ta ẹran, ọ̀rọ̀ kàn yín níbí. Bí hóró òjé tàbí irin bá wà nínú ẹran, tí oníbàárà gé e jẹ, tí eyín rẹ̀ dún, kò ní í bi yín pé ọdẹ wo ló pa á. Búkà yín ló máa sọ̀rọ̀ rẹ̀ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀.

Òjé fúnra rẹ̀ jẹ́ májèlé. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, sọ pé kò sí ìwọ̀n òjé nínú ara tí èèyàn lè sọ pé kò léwu, àwọn ọmọdé àti aboyún ló sì ń pa lára jù. A ò gbọdọ̀ gbàgbé ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Zamfara lọ́dún 2010, nígbà tí eruku òjé láti ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta wúrà pa ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọmọdé. Lóòótọ́, hóró tó wà nínú ẹran kò tó eruku yẹn, ṣùgbọ́n májèlé kan náà ni. Nítorí irú ìdí báyìí ni Amẹ́ríkà ṣe fòfin de hóró òjé fún pípa pẹ́pẹ́yẹ omi láti ọdún 1991, tí àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù náà sì fòfin dè é ní àwọn àbàtà wọn láti oṣù kejì ọdún 2023.

Kí ni kí ẹ ṣe? Ẹ gé ẹran tó yí ibi tí ọta ti wọlé ká dànù, ẹ má jẹ́ kí ojú kòkòrò sọ pé kí ẹ fi kún ọbẹ̀. Ẹ fi ìka tọ́ ẹran wò kí ẹ tó gé e sínú ìkòkò. Ẹ sọ fún ọdẹ tó ń kó ẹran fún yín pé ẹran tí wọ́n yìn lórí tàbí lọ́rùn lẹ̀ ń fẹ́, pé ẹ ṣe tán láti fi owó díẹ̀ kún un. Ọ̀rọ̀ kékeré yẹn ló máa jẹ́ kí ọdẹ bẹ̀rẹ̀ sí ronú nípa ọta tó ń rà.

Ẹ rántí ọdún 2014. Nígbà tí àrùn Ebola wọ Èkó ní oṣù keje ọdún náà, ẹ̀rù ẹran ìgbẹ́ ba gbogbo èèyàn, àwọn tó ń tà á sì wá oníbàárà tì. Oṣù kẹwàá ni WHO kéde pé Nàìjíríà ti bọ́ lọ́wọ́ àrùn náà. Ìgbẹ́kẹ̀lé oníbàárà nínú ẹran ìgbẹ́ kì í ṣe ohun tí a ń fi ṣeré. Ọ̀yà tí àwọn kan ń sìn nínú àgò báyìí kò ní hóró òjé kankan nínú. Ọdẹ tí ẹran tirẹ̀ bá ń fọ́ eyín kò ní í lè bá wọn dupò.

Bí ẹ bá fẹ́ rà á, bí ẹ bá fẹ́ tọ́jú rẹ̀

Ọwọ́ ẹni tó ní ìwé àṣẹ láti máa ta ọta nìkan ni kí ẹ ti rà á, ẹ sì mú ìwé tiyín lọ. Kátíríìjì tí wọ́n ń tà lábẹ́ aṣọ lè jẹ́ èyí tó ti pẹ́ jù, èyí tí omi ti wọ̀, tàbí èyí tí wọ́n jí. Ẹ wo ìdí bàbà rẹ̀: bó bá ti dípẹtà, ẹ má rà á. Bí ara rẹ̀ bá ti wú, kò ní í wọ ìbọn dáadáa.

Nílé, ibi gbígbẹ ni kí ẹ kó o sí, nínú àpótí tó ní kọ́kọ́rọ́, kó jìnnà sí ìbọn, kó jìnnà sí àdògán àti ọwọ́ ọmọdé. Lásìkò òjò, ẹ má fi sílẹ̀ sínú àpò ọdẹ tó tutù. Ẹ kọ́kọ́ yin èyí tí ẹ kọ́kọ́ rà.

Ìkìlọ̀ kan ṣì kù, ó sì lágbára. Ẹ má ṣe kó kátíríìjì 20 àti 12 sínú àpò kan náà. Bí 20 bá ṣèèṣì bọ́ sínú ìbọn 12, ó máa yọ̀ wọlé, ó sì máa há sí àárín ọ̀pá. Ọdẹ á yẹ̀ ẹ́ wò, á rò pé kò sí nǹkan níbẹ̀, á ki 12 sí i lẹ́yìn. Bó bá yìn ín, ọ̀pá ìbọn á bẹ́. Nítorí ewu yìí ni ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ṣe ń fi àwọ̀ òféfèé ṣe kátíríìjì 20. Bí ẹ bá rí òféfèé láàárín àwọn yòókù, ẹ dúró, ẹ wò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹran tí ọta kankan kò yẹ

Gbogbo ìmọ̀ nípa ọta yìí kò fún ẹnikẹ́ni láṣẹ láti pa ohun tí òfin dáàbò bò. Akika wà lára wọn. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2017 ni àdéhùn CITES, tí Nàìjíríà wà lára àwọn tó fọwọ́ sí i, ti fòfin de títa rẹ̀ láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn, òfin Nàìjíríà tó ń dáàbò bo ẹranko tó ń tán lọ sì ti wà láti ọdún 1985. Igbó ọba bíi ti Ìfọ́n, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀ṣẹ́, kì í ṣe ibi tí èèyàn kàn ń wọ̀ lọ dọdẹ. Ọ̀rọ̀ owó náà ni: abo ẹran tó lóyún tí ọdẹ pa lónìí, ọjà ọdún tó ń bọ̀ ló pa. Ẹni tó bá fi ẹran tó lóyún àti ọmọ ẹran sílẹ̀ ti ń fi owó pamọ́ sínú igbó.

Nítorí náà, ẹ̀yin èèyàn Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà, bí ẹ bá tún fẹ́ ra ọta, ẹ dúró díẹ̀. Ìbọn wo ló wà lọ́wọ́ mi, kí ni wọ́n kọ sí i lára, ṣé ìwé rẹ̀ sì pé? Ẹran wo ni mò ń wá, báwo ni mo ṣe lè súnmọ́ ọn tó? Ta ló máa rà á lọ́wọ́ mi, kí ló sì ń fẹ́? Bí ẹ bá rí ìdáhùn sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹni tó ń ta ọta kò ní í lè fi páálí aláràbarà tàn yín jẹ. Ọdẹ tó bá ro ìṣẹ́, tó ro ìyà, lè má fún ẹnikẹ́ni jẹ lóòótọ́. Àmọ́ ọdẹ tó bá ro owó ọta mọ́ ọn dáadáa, ó ṣeé ṣe kó rí èrè jẹ, kó tún kù tí yóò fún aládùúgbò.